Ìka Tó Bá Ṣẹ̀ Lọba Ń Gé: Ìṣọ́ Ìjọba àti Owó Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Pẹ́ Kó Tó Dé

 

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ní Niamey, ohun tí ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni owó ìrànwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti ìdí tó fi máa ń pẹ́ nígbà tí ìjọba bá dojú ìṣọ́ kọ ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọmọ ẹlòmíràn wà ní Yunifásítì Abdou Moumouni lódìkejì Odò Ọya níbí. Ti ẹlòmíràn wà ní Yunifásítì Ìsìláàmù tó wà ní Say. Ti ẹlòmíràn wà ní Ìbàdàn, tàbí Abomey-Calavi, tàbí Amẹ́ríkà. Náírà, sẹ́fà àti dọ́là kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ń sọ lórí fóònù kò yàtọ̀: owó kò tíì wọlé, wọ́n ní ìjọba ń yẹ ìwé wò.

Kókó kan ṣoṣo ni mo bá wá, àwọn baba wa sì ti bá mi sọ ọ́ tán: ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti ṣọ́ owó ìlú, kódà, bí kò bá ṣọ́ ọ, ó ti dalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìjìyà bá ti inú ìṣọ́ náà jáde, kó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó jẹ̀bi. Ohun tí a ń rí káàkiri ni pé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ló ṣẹ̀, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, tàbí olóṣèlú, ọmọ tó ń dúró de owó oúnjẹ ló wá ń fi ikùn san gbèsè rẹ̀. Mo fẹ́ fi ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní Nàìjíríà àti ní ìlú yìí fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, kí n tó sọ ohun tí mo rò pé ó yẹ ká béèrè.

Ọ̀nà mẹ́ta tí owó ń gbà

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká wo bí owó ṣe ń rìn. Ọ̀nà mẹ́ta ni owó ìjọba máa ń gbà dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀nà kìíní, ìjọba á san owó fún ilé-ẹ̀kọ́, ilé-ẹ̀kọ́ á yọ owó ilé-ìwé tirẹ̀, á wá fún ọmọ ní ìyókù. Ọ̀nà kejì, ilé-ẹ̀kọ́ á kọ́kọ́ ti àpò ara rẹ̀ ṣe é fún ọmọ, lẹ́yìn náà ni ìjọba á dá owó náà padà fún un. Ọ̀nà kẹta, ìjọba á fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ fúnra rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kò ní fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí kò sí ìfura, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra. Ọjọ́ tí ìfura bá dé ni wọ́n ń yapa. Ní ọ̀nà kìíní, bí ìjọba bá dáwọ́ owó ilé-ẹ̀kọ́ dúró, ó ti dáwọ́ ti ọmọ dúró nìyẹn. Ní ọ̀nà kejì, bí àpò ilé-ẹ̀kọ́ bá jinlẹ̀, ọmọ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bí àpò bá gbẹ, ọmọ ló ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ní ọ̀nà kẹta, ẹ̀ṣẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò kan ọmọ rárá, àmọ́ bí ìjọba fúnra rẹ̀ bá bọ́ sábẹ́ ìṣọ́ ẹlòmíràn, tàbí tí owó bá tán lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó dúró láàárín rẹ̀ àti ọmọ náà mọ́.

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dá lórí rẹ̀.

Amẹ́ríkà: òfin dára, àpò gbẹ

Amẹ́ríkà ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí òfin wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kedere, àwọn ọmọ wa sì pọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn. Ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn ló ń pín owó Pell, tí ọmọ kò ní dá padà, òun náà ló sì ń yá wọn ní ẹ̀yáwó. Ní ìgbà ìrọ̀rùn, kọ́lẹ́ẹ̀jì á kàn fa owó náà yọ láti inú àpamọ́ ìjọba, á sì pín in.

Bí ìjọba bá ń ṣiyèméjì nípa kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, ó lè fi í sábẹ́ ìṣọ́ tí wọ́n ń pè ní Heightened Cash Monitoring, HCM ni wọ́n ń gé e sí. Kì í ṣe olè jíjà nìkan ló ń gbé kọ́lẹ́ẹ̀jì débẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìwé ọ́díìtì rẹ̀ kò dé lásìkò, pé gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, tàbí pé àjọ tó ń jẹ́rìí sí ẹ̀kọ́ rẹ̀ fẹ́ yọwọ́. Ìpele méjì ni ìṣọ́ yìí ní. Ní ìpele kìíní, kọ́lẹ́ẹ̀jì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi owó ara rẹ̀ san ti akẹ́kọ̀ọ́, kó tó fa owó ìjọba yọ. Ní ìpele kejì, yóò san án bákan náà, yóò tún kó ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó sanwó fún ránṣẹ́ sí ìjọba, ìjọba á yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbà tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ni yóò tó dá owó náà padà.

Ẹ ò rí i pé ọ̀nà kìíní ni wọ́n sọ di ọ̀nà kejì. Bí owó bá ṣẹ́kù fún ọmọ lẹ́yìn owó ilé-ìwé, èyí tí yóò fi jẹun tí yóò fi san owó ilé, kọ́lẹ́ẹ̀jì gbọ́dọ̀ san án fún ọmọ náà kó tó lè béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ẹni tó kọ òfin yìí ro ti ọmọ. Ó ní kí ilé-ẹ̀kọ́ tí à ń fura sí ru ẹrù ìfura náà.

Ibo ló wá ti daru? Ibi àpò náà ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ìjọba ń fura sí nítorí gbèsè ni òfin tún ní kó máa fi owó ara rẹ̀ ṣíwájú. Owó wo? Èyí tó ní ti tán, ìdí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ gan-an nìyẹn. Nítorí náà, ó ń sọ fún ọmọ pé kó ní sùúrù, ìjọba ò tíì dá owó padà. Ìjọba náà á ní kò tíì tọ́ sí òun láti san án, nítorí kọ́lẹ́ẹ̀jì kò tíì fún ọmọ. Oníkálukú ń tọ́ka sí ẹnì kejì, onílé ọmọ sì ń kan ilẹ̀kùn.

Ẹ wo Corinthian Colleges. Iléeṣẹ́ oníṣòwò ni, tó ní ẹ̀ka tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí ó sì ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ju 70,000 lọ. Lọ́dọọdún, nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là 1.4 ló ń gbà láti inú owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀. Ìjọba ń béèrè ìwé nípa iye akẹ́kọ̀ọ́ tó rí iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ àti nípa máàkì tí wọ́n ń gbà, Corinthian kò kó o wá bó ṣe yẹ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, ìjọba ní owó yòówù tí wọ́n bá béèrè gbọ́dọ̀ dúró fún ọjọ́ 21 kó tó jáde. Ìdádúró ọjọ́ 21 péré! Iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun kò ní lè mí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀ka rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2015, wọ́n ti èyí tó kù pa lójijì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tó 16,000 sì jí sójú ilẹ̀kùn títì. Ọdún 2022 ni ìjọba tó ní òun ti fagi lé gbogbo gbèsè tó kù lọ́rùn àwọn tó kàwé níbẹ̀, ẹni 560,000, bílíọ̀nù dọ́là 5.8. Àánú náà dára. Ṣùgbọ́n ọdún méje ni ó fi pẹ́ kó tó dé.

Bí ìjọba bá ti ṣọ́ọ̀bù aránṣọ pa nítorí owó orí, aránṣọ ló jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n aṣọ oníbàárà ló wà nínú ilé, ọjọ́ ìgbéyàwó oníbàárà ò sì ní sún síwájú. Ìjọba tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, kó kọ́kọ́ kó aṣọ oníbàárà jáde kó tó fi àgádágodo sí i. Ohun tí wọn kò ṣe fún àwọn ọmọ Corinthian nìyẹn.

Ó ní ohun kan tó yẹ ká kọ́ lọ́dọ̀ wọn ṣá. Láti oṣù kẹta ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà ń gbé orúkọ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà lábẹ́ ìṣọ́ HCM síta fún gbogbo ayé láti rí. Orúkọ tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló wà lórí ìwé àkọ́kọ́. Òbí tó bá fẹ́ mọ̀ lè wò ó kó tó rán ọmọ lọ.

Nàìjíríà: owó wọ ilé-ẹ̀kọ́, kò jáde

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kọ́kọ́ fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Òfin náà ní kùdìẹ̀-kudiẹ, wọ́n tún un ṣe, ó sì fọwọ́ sí èyí tuntun ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024. Láti inú rẹ̀ ni NELFUND ti jáde, àjọ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìsí èlé, tí Ọ̀gbẹ́ni Akíntúndé Sawyerr ń darí. Wọ́n ṣí ojú-ewé ìforúkọsílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2024, pínpín owó sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n so pọ̀. Owó ilé-ìwé ń lọ sọ́dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́: ọ̀nà kìíní nìyẹn. Owó oúnjẹ, 20,000 náírà lóṣù, ń lọ sí àkáǹtì ọmọ fúnra rẹ̀: ọ̀nà kẹta nìyẹn. Ẹ wá wo ibi tí wàhálà ti bẹ́. Ọ̀nà kìíní ló ti bẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ọdún 2025, àjọ tó ń la ìlú lọ́yẹ̀, NOA, ní òun gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ 51 ń yọ owó láìtọ́ lára owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, láti 3,500 dé 30,000 náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn gba owó lọ́wọ́ NELFUND, wọn kò sì sọ fún ọmọ pé ó ti wọlé. Àwọn mìíràn ti gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ òbí, wọ́n tún gba ti NELFUND lé e, wọn kò dá ọ̀kankan padà.

Àjọ ICPC tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ìròyìn kọ́kọ́ gba ìlú pé bílíọ̀nù 71.2 náírà ti sọnù. ICPC jáde wá pé bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ rí. Ó ní títí di ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 2025, bílíọ̀nù 203.8 náírà ló ti wọ ọwọ́ NELFUND, nǹkan bíi bílíọ̀nù 44.2 ló sì ti pín lórí akẹ́kọ̀ọ́ 293,178 ní ilé-ẹ̀kọ́ 299, ìwádìí á sì tẹ̀ síwájú dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìbéèrè tí gbogbo ìlú ń béèrè ni pé mélòó ló sọnù. Àwọn tó béèrè ohun tí ọmọ náà yóò jẹ títí ìwádìí yóò fi parí kò tó nǹkan.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ wa mọ̀ dáadáa. Kí owó tó jáde, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí lórí kọ̀ǹpútà pé lóòótọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí jẹ́ tiwa. Ìṣọ́ ni èyí náà, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ yẹn bá fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀, kò sí ohun tó ṣe òun. Owó oṣù tirẹ̀ á wọlé. Ọmọ tí kò mọ orúkọ rẹ̀ rí ni ìyà rẹ̀ ń jẹ.

Ìyẹn ni ti àwọn tó wà nílé. Àwọn tó wà lẹ́yìn odi ńkọ́? Nàìjíríà ní ètò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ kan pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè bíi Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Morocco àti Algeria, BEA ni wọ́n ń pè é. Orílẹ̀-èdè tó gba ọmọ lálejò ń san owó ẹ̀kọ́, Nàìjíríà ń san owó oúnjẹ àti ilé. Láti ọdún 2023 ni àwọn ọmọ ọ̀hún ti ń pariwo pé owó kò wá mọ́ bó ṣe yẹ. Ní ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, yẹ ètò náà wò, ó ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lọ kọ́ lọ́hùn-ún wà nílé, ó sì dáwọ́ gbígba ọmọ tuntun dúró. Ó lè jàre. Ìjọba ló lówó, òun ló mọ ibi tó yẹ kó ná an sí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti wà nínú òtútù Rọ́ṣíà kò lè fi àlàyé mínísítà san owó ilé. Bí a bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ti wọlé jẹun tán.

Niamey: nígbà tí ìṣọ́ bá wà lórí ìjọba fúnra rẹ̀

Mo ti dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Niger kì í gba ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ san owó ìrànwọ́. Àjọ ìjọba kan wà fún un, ANAB, òun ló ń san owó tí àwọn ọmọ ń pè ní bourse. Ọ̀nà kẹta gan-an nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá yunifásítì kò lè gbé owó ọmọ lọ. Kí ló wá dé tí ìtàn owó akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú yìí fi kún fún omijé tó bẹ́ẹ̀? Nítorí pé ibi tí ìṣọ́ ti wá yàtọ̀. Níbí, ìjọba ni ẹlòmíràn ń ṣọ́.

Lẹ́yìn tí owó yuréníọ̀mù tí wọ́n ń wà ní ìlú Arlit ti já wálẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1989, Niger wọ gbèsè, ó sì bọ́ sábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀-ajé IMF àti Báńkì Àgbáyé. Àwọn tó yá a lówó ní owó tí ìjọba ń ná sórí yunifásítì àti bourse ti pọ̀ jù, kí wọ́n gé e kù, kí wọ́n darí rẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ ká purọ́: àríyànjiyàn wà nínú rẹ̀, ọmọ abúlé tí kò rí kíláàsì jókòó sí náà jẹ́ ọmọ. Àmọ́ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí ni pé owó tí wọ́n fi ń jẹun ni wọ́n fi ń san gbèsè tí wọn kò jẹ. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 1990, wọ́n tò láti ọgbà yunifásítì, wọ́n fẹ́ gba orí afárá Kennedy kọjá sí àárín ìlú. Àwọn agbófinró yìnbọn fún wọn lórí afárá náà. Ìjọba Ààrẹ Ali Saïbou ní ẹni mẹ́ta ló kú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ yẹn kò gbẹ lásán. Ó wà lára ohun tó fa Àpérò Orílẹ̀-èdè tó jókòó láti ọjọ́ 29 oṣù keje sí ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1991, tí ó sì fòpin sí ìjọba ẹlẹ́gbẹ́ kan. Títí dòní, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ USN kì í jẹ́ kí ọjọ́ 9 oṣù kejì kọjá láìrántí wọn.

Ọdún 27 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2017, ó tún ṣẹlẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń béèrè owó ìrànwọ́ tí ìjọba jẹ wọ́n, wọ́n sì ń béèrè kíláàsì àti ibùgbé tó bójú mu. Ọlọ́pàá wọ ọgbà yunifásítì pẹ̀lú tajútajú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kú, ọ̀pọ̀ fara pa, wọ́n kó ọ̀pọ̀ sí àtìmọ́lé, wọ́n sì ti yunifásítì pa. Yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ Abdou Moumouni nìyí o, onímọ̀ físíìsì tó kọ ìwé lórí ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà ní ọdún 1964, tó sì tún darí yunifásítì yìí kan náà.

Ẹ tún wo ọdún 2023. Àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù keje. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ECOWAS kéde ìjẹníyà: wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé owó ìjọba Niger ní báńkì àárín gbùngbùn BCEAO. Nàìjíríà já iná mọ̀nàmọ́ná. Gbogbo ẹ̀yin tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí lẹ mọ̀ ọ́n: ẹ tò sí iwájú báńkì, wọ́n ní iye báyìí ni ẹ lè gbà. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ìjọba gé ètò ìnáwó ọdún náà kù ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. ECOWAS kò tú okùn náà títí di ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2024. Inú àpò tí wọ́n gé yẹn ni owó oṣù olùkọ́ ti ń jáde, òun náà ni bourse ti ń jáde. Àwọn tó jókòó ní Àbújá ń bá ọ̀gágun jà. Ọ̀gágun kò pàdánù oúnjẹ àárọ̀ kan.

Ìṣọ́ yìí kò sì mọ sórí owó. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, lẹ́yìn tí oníròyìn kan fi hàn pé òun gba ìwé-ẹ̀rí dìgírì ní Cotonou láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Nàìjíríà dáwọ́ gbígba ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Mínísítà ìgbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tahir Mamman, sọ pé ìwádìí yóò dé Uganda, Kenya, àti Niger pàápàá. Ojú àwọn òbí tó ní ọmọ ní yunifásítì aládàáni ní ìlú yìí ṣókùnkùn lọ́jọ́ náà. Yunifásítì ayédèrú wà, kí wọ́n wá wọn jáde, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ọmọ tó lo ọdún mẹ́rin ní kíláàsì tòótọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú àpò kan náà pẹ̀lú ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ra ìwé.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀

Ẹnì kan yóò ní: Olùkọ́, bí ìjọba bá ń san owó lọ láìdúró, ṣé kò ní di pé olè ń jẹ, à ń wò ó? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Olè kò gba ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ nìkan wọlé. Ní California, àwọn ọ̀daràn ti fi orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sí láyé forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n gba owó ìrànwọ́, wọ́n sì pòórá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí àwọn kan nínú àwọn tó ń béèrè owó fún ìgbà àkọ́kọ́ máa fi ojú ara wọn hàn pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ bá lè jẹ́ ayédèrú, ọ̀nà kẹta pàápàá nílò ẹ̀ṣọ́.

Nítorí náà, n kò sọ pé kí wọ́n má ṣọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ṣíṣọ́ yàtọ̀ sí dídádúró. Ọmọ tó ti fi ojú rẹ̀ hàn, tó ti ń wá sí kíláàsì, tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé ìdánwò, kí lẹ tún ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀? Ẹ yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò bó ṣe wù yín. Ẹ mú ìwé, ẹ mú ọ̀gá, ẹ mú akápò. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn jẹun kó lè kàwé, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ohun tó yẹ ká béèrè

Ohun mẹ́rin ni mo rò pé a lè béèrè lọ́wọ́ ìjọba, yálà ti Niamey tàbí ti Àbújá tàbí ti Porto-Novo.

Àkọ́kọ́, kí wọ́n ya owó oúnjẹ ọmọ sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára owó ilé-ẹ̀kọ́, kí ó máa lọ sọ́wọ́ ọmọ tààrà. NELFUND ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Niger ti ń ṣe é tipẹ́. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ni kí wọ́n dì mú bí wọ́n bá ń fura sí ilé-ẹ̀kọ́.

Èkejì, kí òfin dá ọjọ́ fún ìwádìí. Ìwádìí tí kò ní ọjọ́ ìparí ti di ìjìyà. Bí ọjọ́ náà bá kọjá tí ìjọba kò sì rí ohun kan sọ, kí owó jáde, kí ìwádìí máa bá ilé-ẹ̀kọ́ nìkan lọ.

Ẹ̀kẹta, kí ìjọba ní àpò kékeré kan fún irú ìgbà bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó pa òfin Amẹ́ríkà ni pé ó sọ ẹni tí yóò ṣíwájú san, kò sọ ibi tí ẹni náà yóò ti rí i. Bí àpò ilé-ẹ̀kọ́ bá gbẹ, kí àpò yẹn san ti ọmọ, kí ìjọba sì lọ gbà á lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn. Àwọn orílẹ̀-èdè tó bá sì fẹ́ fi ìyà ọrọ̀-ajé jẹ ìjọba kan lọ́la, kí wọ́n yọ owó ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nínú ohun tí wọn yóò gbẹ́sẹ̀ lé, bí wọ́n ṣe sábà máa ń yọ oògùn sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n gbé orúkọ síta. Ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ ìṣọ́, kí òbí rí orúkọ rẹ̀ ní èdè tí òbí gbọ́, ní Faransé, ní Hausa, ní Zarma àti ní Yorùbá. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá gba owó ọmọ lọ́wọ́ àjọ, kí ó fi ìwé ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ ní ọjọ́ kan náà.

Ohun tí a lè ṣe níbí

Ìjọba kì í yára gbọ́. Kí a tó rí èsì, ọwọ́ wa náà kò yẹ kó dilẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san owó sí ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí ní ìlú yìí tàbí níbòmíràn, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìjọba tó fi wà, ẹ béèrè bóyá Nàìjíríà tàbí Benin mọ̀ ọ́n, ẹ má gba ẹnu òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tó ní ọmọ nílé, ẹ rántí pé NELFUND kì í yá ọmọ tó ń kàwé lẹ́yìn odi lówó. Tí ọmọ bá wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Nàìjíríà, kí òun fúnra rẹ̀ wọ ojú-ewé àjọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wò bóyá owó ti jáde fún un, kó má dúró de ẹni tí yóò sọ fún un.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ tọ́jú rìsíìtì yín. Ìwé ìforúkọsílẹ̀, ìwé owó, ìwé ìdánwò, ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ fi pa mọ́ sí ibi méjì. Ọjọ́ tí ìwádìí bá dé, ọmọ tó ní ìwé lọ́wọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá sílẹ̀.

Èyí tó gbẹ̀yìn kan gbogbo wa. A mọ àjọ dídá ju báńkì lọ. Obìnrin tó ń ta aṣọ ní ọjà Wadata mọ bí wọ́n ṣe ń kó àjọ, ó mọ ẹni tó yẹ kó kó o lóṣù yìí àti ìdí tí wọ́n fi lè fún ẹnì kan lọ́wọ́ ṣáájú. Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ apá kan lára ohun tí à ń dá, kí a sọ ọ́ di àpò akẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe ẹ̀bùn o, ẹ̀yáwó tí kò ní èlé ni. Ọmọ tí owó rẹ̀ há sọ́dọ̀ ìjọba yóò mú ìwé wá pé lóòótọ́ ló há, yóò gba owó oúnjẹ oṣù méjì tàbí mẹ́ta, bí owó tirẹ̀ bá sì jáde, yóò dá a padà fún ẹni tó kàn. Kí ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Benin àti ọmọ tí wọ́n bí sí Niamey jọ ní ẹ̀tọ́ sí i, nítorí ebi kì í béèrè páálí. Kí ọ̀dọ́bìnrin kan wà lára àwọn tó ń pa ìwé rẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì ka ìṣirò rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwa tí à ń pariwo pé kí ìjọba ṣọ́ owó láìpa ọmọ lára, kí a kọ́kọ́ fi tiwa hàn pé ó ṣeé ṣe.

Alága, mo dábàá pé kí ìpàdé yìí yan ẹni márùn-ún kí a tó túká lónìí, kí wọ́n kọ ìlànà àpò náà, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà tó ní ohun mẹ́rin tí mo kà yẹn ránṣẹ́ sí àwọn aṣojú Nàìjíríà àti Benin ní Niamey. Mo ti ṣe tán láti dáhùn ìbéèrè, pàápàá jù lọ ti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́.